Ọkọ̀ ìje Dragon onípákó ní Àjàṣẹ́: ṣé ká tún igi rẹ̀ kàn ni, àbí ká fi fáíbà bò ó bíi ti Pen Duick?

Ọmọ_Ọ̀sà_Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ògbóǹtarìgì.

Ọkọ̀ ìje onígbòkun kan wà lábẹ́ àtíbàbà onípáànù létí ọ̀sà níbí, ó ti pẹ́ tó ti kan omi kẹ́yìn. Mítà 8.90 ni gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mítà 2, irin dídà gàgàrà kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Pákó ara rẹ̀ pupa, ó jọ ọ̀gànwó, ó nípọn mílímítà 20, pákó 12 ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Dragon ni.

Àìsàn tó hàn sójú rèé. Ìhà, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ tó ń di pákó mú láti inú, 11 ti dá ní apá òsì, 8 ní apá ọ̀tún, gbogbo wọn níbi tí igi ti tẹ̀ jù ní ikùn ọkọ̀. Ojú ìpàdé pákó ti yà débi pé ọ̀bẹ ń wọlé. Ìpẹtà ń sun jáde láàárín igi abẹ́ ọkọ̀ àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àjà ọkọ̀ ti rà yíká ibi tí òpó ìgbòkun ti wọlé.

Ẹnì kan ní ká fi fáíbà, ìyẹn aṣọ dígí tí wọ́n ń fi rẹ́sìn lẹ̀, bò ó látòkè délẹ̀, pé bí Éric Tabarly, atukọ̀ ìje ará Faransé, ṣe gba Pen Duick, ọkọ̀ onígi rẹ̀, là nìyẹn. Ẹlòmíràn ní ká tú gbogbo pákó. Níbo ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀?

Fáíbà_Sẹ̀mẹ̀ kọ:

Fáíbà ni o. Pákó tó ti gbẹ tó báyẹn kò ní í sé mọ́. Ẹ fá ọ̀dà kúrò, ẹ lẹ fáíbà ìpele 3 mọ́ ọn pẹ̀lú rẹ́sìn polyester, ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí. 1958 ni wọ́n fi fáíbà ṣe Pen Duick, ó sì ń rìn lórí òkun títí dòní. Kí la tún ń bá igi jà sí?

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀mẹ̀, ẹ má bínú, ẹ̀yìn ìtàn yẹn ni gbogbo èèyàn ń mú, wọn kì í mú orí rẹ̀.

William Fife kẹta, ará Fairlie ní Scotland, ló ya àwòrán Pen Duick. Wọ́n kàn án ní èbúté Cork ní Ireland ní 1898. Yum ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa dọ́wọ́ Guy Tabarly ní 1938, wọ́n ti ń pè é ní Pen Duick, ìyẹn ẹyẹ kékeré olórí dúdú kan lédè àwọn ará Bretagne ní Faransé. Ogun dé, ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀, igi rẹ̀ sì jẹrà. Bàbá fẹ́ tà á, kò rí ẹni tó rà á, ló bá fi lé Éric ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1952. Éric yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó rí i pé igi náà ti kọjá àtúnṣe.

Ohun tó ṣe ní ọgbà ìkànkọ̀ Costantini ní La Trinité-sur-Mer ni pé ó sọ ara ọkọ̀ àtijọ́ di ohun tí wọ́n fi ń yọ àwòkọ. Ó to fáíbà lé e lórí pẹ̀lú polyester, ìpele lórí ìpele, títí tí fáíbà náà fi lè dá dúró fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igi jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ń da idẹ ṣe ń ṣe: bí ère bá ti le, wọ́n á fọ́ amọ̀ dànù. Pákó Fife ni amọ̀ yẹn. Ara ọkọ̀ tó jáde ní 1958 kì í ṣe igi tí wọ́n wọ aṣọ fún. Ara tuntun ni, tó gbé ìrísí ti àtijọ́ wọ̀.

Ẹni tó bá lẹ fáíbà mọ́ pákó tó sì fi pákó náà sílẹ̀ nínú, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ló ń ṣe. Bí yóò sì ṣe bàjẹ́ nìyí. Pákó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 100 máa ń fẹ̀ ní mílímítà 1 sí 2 bó bá kúrò ní gbígbẹ dé mímu omi. Pákó 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan túmọ̀ sí mílímítà 12 sí 24 tí igi fẹ́ fi fẹ̀. Fáíbà ìpele 3 kò lè dá agbára yẹn dúró. Polyester kì í sì í di igi mú dáadáa, pàápàá igi tó lóróró bí ìrókò àti tíìkì. Yóò ṣí níbi kan, omi òjò tó ń jò láti àjà yóò sọ̀ kalẹ̀ sáàárín igi àti fáíbà, kò ní í rí ọ̀nà jáde. Láàárín ọdún mélòó kan, igi á ti di bí àkàrà tó rin, síbẹ̀ òde rẹ̀ á ṣì máa dán.

Fáíbà_Sẹ̀mẹ̀ kọ:

Mo gbà lórí polyester. Epoxy ńkọ́, rẹ́sìn tó ń di igi mú jù ú lọ?

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìbora. Ẹ ní láti gbẹ́ gbogbo ojú ìpàdé pákó, kí ẹ fi epoxy lẹ ọ̀pá igi tínrín sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ara ọkọ̀ di odidi kan tí kò ní í fẹ̀ mọ́. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbẹ bẹ́ẹ̀ títí ayé. Lórí ọkọ̀ tó ti mu iyọ̀ àti epo fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní í dábàá rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì yàn, ìhà 19 tó dá yẹn ni ẹ óò kọ́kọ́ pààrọ̀. Fáíbà kò lè gbé irin abẹ́. Ìhà àti igi ìdábùú ìsàlẹ̀ ló ń gbé e.

Fún Ọmọ Ọ̀sà: ìwọ̀n tí o fi sílẹ̀ bá Dragon mu. Johan Anker, ará Norway, ló ya á ní 1929 fún ìdíje kan ní Göteborg. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọ̀dọ́ lè fi rìnrìn àjò ni wọ́n ń wá, ìdí nìyẹn tó fi ní ilé kékeré àti ibùsùn méjì níbẹ̀rẹ̀. Ìje ló wá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì láti 1948 títí di 1972. Constantine, tó jẹ́ àrẹ̀mọ ọba Gíríìsì nígbà náà, fi gba wúrà ní 1960. Láti 1973 ni wọ́n ti gba fáíbà láyè, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí tìrẹ ti dàgbà jùyẹn lọ. Kìlò 1700 ni gbogbo ìwúwo rẹ̀, irin abẹ́ yẹn nìkan sì ju ìdajì rẹ̀ lọ. Jẹ́ kí ìyẹn máa wà lọ́kàn rẹ nígbà gbogbo tí o bá fẹ́ tú nǹkan.

Ọmọ_Ọ̀sà_Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tò ó fún wa: kí ló ṣáájú, kí ló tẹ̀ lé e?

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Jíjókòó ọkọ̀ ló ṣáájú. Irin abẹ́ ni kó gbé gbogbo ìwúwo, lórí igi nínípọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pá tí ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà kó má baà ṣubú lásán ni. Bí ikùn bá lọ jókòó lé ọ̀pá, pákó á wọnú, ìrísí á sì bàjẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ na okùn gbọnrangandan láti iwájú dé ìdí ọkọ̀ ní apá méjèèjì. Ẹ wọn àlàfo láàárín okùn àti etí àjà ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi òsì wé ọ̀tún. Ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́ lórí ilẹ̀ sábà máa ń wó níwájú àti nídìí, kí àárín rẹ̀ yọ sókè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi àpò rírin bo inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí igi rọ̀, kí ẹ wá fi jáákì gbé e padà. Mílímítà 5 lọ́sẹ̀ kan ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kan á gbọ́ ariwo ìṣó tó ń já.

Bó bá ti tọ́, ẹ gé contreplaqué (pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele) mílímítà 12 bá ìrísí òde ara ọkọ̀, ọ̀kan ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kàn án mọ́ igi ìtì. Ìyẹn ló máa di ìrísí mú nígbà tí ìhà bá ń jáde.

Kó tó wá kan ìhà, ẹ yọ búlọ́ọ̀nù tó so irin abẹ́ mọ́ igi wò. Bí ìyẹn bá ti tán, gbogbo ètò yí padà. Alágbẹ̀dẹ, ẹ bá wa dá sí i.

Alágbẹ̀dẹ_Ṣábẹ̀ẹ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ má gba orí búlọ́ọ̀nù gbọ́. Orí àti nọ́ọ̀tì lè wà bí tuntun, kí àárín ti rí bí ìdí abẹ́rẹ́. Ojú ibi tí igi ti pàdé irin ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹ ẹ́. Ẹ yọ méjì wò: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Bí èyíkéyìí bá ti pàdánù ìdá mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn.

Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́: ẹ da epo tó rọ̀ sí ojú nọ́ọ̀tì láràárọ̀ fún ọjọ́ 4 tàbí 5. Ẹ wọn bí búlọ́ọ̀nù ṣe gùn tó, ẹ gbẹ́ kòtò sábẹ́ ọkọ̀ lọ́gangan rẹ̀ tó jìn jùyẹn lọ, nítorí ìsàlẹ̀ ló máa gbà jáde. Ẹ fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìlàjì nígbà tí ẹ bá ń lù ú, kí orí rẹ̀ má baà bú kó sì há sínú ihò.

Ọ̀rọ̀ irú irin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Irin dídà ni ti Dragon. Ẹ má fi búlọ́ọ̀nù idẹ sínú rẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Irin àti idẹ nínú omi iyọ̀ dà bí bátírì: irin ni yóò máa jẹrà, yóò sì máa jẹrà yíká ihò búlọ́ọ̀nù gan-an. Ọkọ̀ tó bá ní òjé lábẹ́ ló ń lo idẹ. Inox, irin tí kì í dípẹtà, ńkọ́? Ó máa ń tàn lọ́jà, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá sin ín sínú igi rírin níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ihò wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara rẹ̀ láìsí ìpẹtà lóde tó máa ta yín lólobó. Irin tí wọ́n rì sínú zinc gbígbóná ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn fi zinc pa lára féréféré. Kí ẹ fọ́n mastic (lẹ́ẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò) sára rẹ̀, kí ẹ sì wé òwú yíká abẹ́ òrùka rẹ̀ kí ẹ tó fún un.

Irin abẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ ha á títí yóò fi mọ́ gbòò, kí ẹ sì fi epoxy àkọ́kọ́ kùn ún láàárín wákàtí kan. Ooru ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ kí irin mímọ́ dúró di ọ̀sán.

Gbẹ́nà_Kétu kọ:

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ igi, torí mo ti rí i pé ẹnì kan máa dábàá tíìkì fún ohun gbogbo.

Fáíbà_Sẹ̀mẹ̀ kọ:

Èmi gan-an nìyẹn 😄 Tíìkì Àgrímè àti Djigbé ń bẹ nílẹ̀, kí ló dé tí a ó fi lo nǹkan mìíràn?

Gbẹ́nà_Kétu kọ:

Tíìkì dára o, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n igi oko tí wọ́n gé ní kékeré ló pọ̀ lọ́jà, apá funfun rẹ̀ sì pọ̀. Apá funfun yẹn kò lágbára lòdì sí ìjẹrà rárá. Inú aláwọ̀ epo nìkan ló jẹ́ tíìkì tí ẹ ń gbọ́ òkìkí rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi acetone nu ojú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ kí òróró tó tún sun wá.

Fún igi abẹ́, igi iwájú àti igi ìdábùú ìsàlẹ̀: ìrókò. Kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀, kì í tètè jẹrà. Ẹ kíyè sí òkúta inú rẹ̀. Ìrókò máa ń ní nǹkan funfun líle tó ń pa eyín ayùn. Eruku rẹ̀ sì máa ń yún ara, ó ń dí imú, ẹ má rẹ́ ẹ láìbo imú.

Fún pákó ara: ọ̀gànwó, kó bá ti àtijọ́ mu. Ọ̀gànwó ti ọ̀dàn, èyí tí Faransé ń pè ní caïlcédrat, wúwo ju ti igbó lọ, iṣan rẹ̀ sì ń lọ síwá sẹ́yìn; bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ pákó fífúyẹ́, ọkọ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wọn ìwúwo pákó tuntun kọ̀ọ̀kan mọ́ ti àtijọ́ tó bá a dọ́gba. Omi inú igi kí ó wà láàárín ìdá 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi tó gbẹ jùyẹn lọ á fẹ̀ jù nínú omi, èyí tó rin jùyẹn lọ á sún kì nígbà ọyẹ́.

Arère rọrùn láti gbẹ́, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún pátákó ìkọ̀wé.

Ọmọ_Ọ̀sà_Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n Kétu, ìhà ńkọ́? Òkè òkun, oru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé ìrókò á gbà?

Gbẹ́nà_Kétu kọ:

Kò ní í gbà dáadáa, á dá. Oru ń ṣiṣẹ́ lára igi tí iṣan rẹ̀ tọ́ tí wọn kò sì fi ẹ̀rọ gbẹ: wákàtí kan fún mílímítà 25 nípọn, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30 péré lẹ ní láti fi tẹ̀ ẹ́ kó tó le. Igi oaku ni àwọn tó kàn án lò. Níbí, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ẹ gba ìrísí ìhà láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú wáyà rírọ̀, ẹ gbé e lé pátákó, ẹ kan igi dídúró mọ́ ọn. Bí ìhà bá nípọn mílímítà 24, ẹ la ìrókò sí pẹlẹbẹ 6, mílímítà 4 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìtẹ̀ rẹ̀ bá há jù, ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá igi abẹ́, ẹ sọ ọ́ di 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 3. Ẹ tẹ̀ wọ́n gbẹ lákọ̀ọ́kọ́ láìsí lẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ké, ẹ jù ú nù.

Epoxy: ìhà kan tó gùn mítà 1.6 tó sì fẹ̀ mílímítà 30 ní ojú lẹ́ẹ̀ 5. Gíráàmù 75 ló ń mu, ẹ fi 120 sí i lọ́kàn torí èyí tó ń ṣòfò. Ìhà 19 jẹ́ kìlò 2.3, ẹ ra 3. Ẹ ra èyí tó ń pẹ́ kó tó le. Nínú ooru wa, epoxy tó wà nínú ife jíjìn lè hó lójijì. Inú àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ pò ó sí. Ẹ má sì fi kílám̀pù fún un jù, lẹ́ẹ̀ á sá jáde tán, ìsopọ̀ á gbẹ.

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Ó ti tán níbẹ̀. Kí n fi ti fífi sínú ọkọ̀ kún un. Ẹ má yọ ìhà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta: ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, ẹ kàn án tán, kí ẹ tó bọ́ sí apá kejì. Òsì kan, ọ̀tún kan. Bí ẹ bá tú òsì tán kí ẹ tó dé ọ̀tún, ọkọ̀ á yípo, pákó tí ẹ bá ti kàn kò sì ní í jẹ́ kó padà.

Ìṣó: bàbà, tí wọ́n ń fi òrùka bàbà dì nínú. Méjì fún pákó kọ̀ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan: 12 × 19 × 2, ó jẹ́ 456. Ẹ wá 500. Ẹ máa gba inú ihò àtijọ́ lu ìhà tuntun láti òde. Bí ihò bá ti fẹ̀, ẹ lo ìṣó tó tóbi jù ú lọ ní ìwọ̀n kan. Ẹnì kan á di òòlù wúwo mú lóde sí orí ìṣó, ẹnì kejì á ti òrùka wọlé, á gé ìṣó kù bí ìlàjì fífẹ̀ rẹ̀, á wá fi òòlù kékeré olórí yíyí lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gbilẹ̀. Lílù líle máa ń tẹ ìṣó nínú igi, kì í fà á pọ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Ṣábẹ̀ẹ́ kọ:

Bí ìṣó bàbà kò bá sí lọ́jà, ọ̀pá bàbà mílímítà 4 wà. Ẹ gé e, ẹ mú un gbóná títí yóò fi pupa díẹ̀, ẹ rì í sínú omi. Bàbà yàtọ̀ sí irin, omi kì í sọ ọ́ di líle. Ẹ wá na orí rẹ̀ nínú irin onihò. Kí ẹ má fi ìṣó aláwọ̀ wúrà ti oníkáfíńtà rọ́pò rẹ̀: zinc wà nínú rẹ̀, omi iyọ̀ á fà zinc yẹn jáde, ohun tó bá kù á rún lọ́wọ́ bí bisikíìtì.

Ọmọ_Ọ̀sà_Àjàṣẹ́ kọ:

Èsì rèé: búlọ́ọ̀nù àárín kò burú, ti ẹ̀yìn ti jẹ débi pé mílímítà 20 ti di 12. Igi abẹ́ tó yí ihò yẹn ká dúdú, ìlu ń wọnú rẹ̀ ní mílímítà 6.

Alágbẹ̀dẹ_Ṣábẹ̀ẹ́ kọ:

Gbogbo búlọ́ọ̀nù ni kí ẹ pààrọ̀ nígbà náà, kò sí ìjíròrò.

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Dúdú yẹn ni irin àti oje igi tó ń bá ara wọn jà. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi dé igi tó ń dún ko bí ẹ bá lù ú. Bí kò bá ju ìdá mẹ́ta nípọn igi abẹ́ lọ, ẹ lẹ ìrókò rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú ìsopọ̀ onídàgẹ̀rẹ̀ 8 sí 1, ìyẹn ni pé mílímítà 40 nípọn ń béèrè mílímítà 320 gígùn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ irin abẹ́ kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ pààrọ̀ igi náà. Ìdí tí mo fi ní ká yọ búlọ́ọ̀nù ṣáájú ìhà nìyí.

Ó wá kan dídí ojú pákó. Òwú ni, kì í ṣe mastic nìkan. Ojú ìpàdé gbọ́dọ̀ fara kanra nínú, ní ìdá mẹ́ta nípọn pákó, kó sì là sóde bí ẹnu ẹyẹ, mílímítà 3 lójú. Bó bá ju 5 lọ, ẹ lẹ ọ̀pá igi tínrín mọ́ etí pákó kan ṣoṣo. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ méjèèjì, pákó kò ní í rí ibi fẹ̀ sí, yóò là níbòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun inú ojú náà, àìṣe bẹ́ẹ̀ igi gbígbẹ á mu epo inú mastic, mastic á sì di eruku. Ẹ wá ti òwú wọlé ní kíká kékeré kékeré pẹ̀lú irin ìdíhò àti òòlù onígi. Ẹ ṣe mítà kan, ẹ wọn òwú tó wọlé, ẹ fi ìyẹn ṣírò ìyókù. Ibi tí gbogbo ọkọ̀ ń bàjẹ́ sí rèé: ẹni tó bá lu òwú gan-an sínú ọkọ̀ tó gbẹ. Nígbà tó bá dé omi tí pákó bá fẹ̀, òwú kò ní í gba ìfúnpọ̀ mọ́, agbára yẹn á bọ́ sórí ìhà, á já wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó dá ìhà 19 yẹn nìyẹn, torí ibi tó ti tẹ̀ jù ni gbogbo wọn ti dá.

Nítorí náà, ẹ fi àpò rírin bo ara ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó dí i, ẹ má sì ṣe é nígbà ọyẹ́. Omi tí ẹ fi ń rin in, ẹ fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú hù lára igi. Omi òjò ló ń pa ọkọ̀ onígi. Lọ́jọ́ tó bá wọ omi, yóò mu omi bí agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó so rọ̀ lórí okùn ẹ̀rọ ìgbẹ́rù fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ̀rọ ìfà-omi wà nítòsí, ẹ má tún òwú kankan dí kó tó pé bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìgbòkun kọ:

Ẹ kú làálàá. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan àjà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni omi òjò ti ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀mẹ̀, àjà ni fáíbà yín ti wúlò: contreplaqué tí omi kì í bàjẹ́, mílímítà 9, kí ẹ fi epoxy àti aṣọ fáíbà kan bò ó. Ó jẹ́ odidi, kì í fẹ̀, kò dà bíi pákó ara. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi tó gbé ẹsẹ̀ òpó ná. Bí ìyẹn bá ti rọ̀, òpó á máa rì, okùn ẹ̀gbẹ́ á máa tú, ẹ ó máa fún un lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa fa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè láìmọ̀.

Òpó onígi: ìsopọ̀ rẹ̀ ń béèrè 12 sí 1, kì í ṣe 8. Ẹ lu ú pẹ̀lú ìka láti òkè délẹ̀. Ibi tí lẹ́ẹ̀ bá ti tú máa ń dún bí igbá òfìfo.

Ìgbòkun: 27.7 mítà onígun mẹ́rin ni ti ńlá àti ti iwájú lápapọ̀. Ti òwú rẹwà nínú àwòrán, àmọ́ ìrì ọ̀sà á bu ú láàárín àkókò kan. Dacron, aṣọ polyester, ni kí ẹ rán, oòrùn ni olórí ọ̀tá rẹ̀, ẹ máa bò ó.

Fáíbà_Sẹ̀mẹ̀ kọ:

Àǹtí, ẹ ṣeun tí ẹ fi àjà sílẹ̀ fún wa 😄 Ìbéèrè kan: ṣé ọ̀sà Àjàṣẹ́ tiẹ̀ ní kòkòrò tó ń jẹ igi? Omi dídùn kọ́ ni?

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Ó ń yí padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà omi Kùtọnu ní 1885 ni òkun ti ń wọ adágún Nokoué, ibẹ̀ ló sì ti ń gba ọ̀nà omi Totchè dé Àjàṣẹ́. Nígbà ìkún omi, láti September títí di November, odò a máa lé iyọ̀ padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á gun òkè. Kòkòrò tí Faransé ń pè ní taret kò lè gbé nínú omi dídùn, àmọ́ bí iyọ̀ bá dé, ọmọ rẹ̀ á gba ihò tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ wọlé, á wá máa tóbi nínú. Lóde ẹ kò ní í rí nǹkan kan. Ìrókò ń dá a dúró díẹ̀, kò lé e lọ.

Ọ̀dà olóró tó ní bàbà nínú ni ìdáàbòbò, kó má sì sí àlàfo kankan, pàápàá ní abẹ́ ìtọ́kọ̀ àti inú ihò tí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ gbà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ nípa bátírì: ọ̀dà bàbà kò gbọ́dọ̀ kan irin abẹ́ ní tààrà. Ìpele epoxy 4 tàbí 5 ni kó wà láàárín wọn.

Ọmọ_Ọ̀sà_Àjàṣẹ́ kọ:

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé iyọ̀ ti dé láìní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n?

Gbẹ́nà_Kétu kọ:

Ẹ wo ewéko tó ń léfòó bo ojú ọ̀sà, èyí tí wọ́n ń pè ní jacinthe d'eau. Omi dídùn ló fẹ́. Bó bá ti ń pọ́n tó sì ń rì, ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ yẹ ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọmọ_Ọ̀sà_Àjàṣẹ́ kọ:

Ó yé mi. Igi ìtì àti contreplaqué mílímítà 12 ni a máa wá lọ́la. Màá fi ìwọ̀n okùn síbí kí ẹ bá wa wò ó bóyá àárín rẹ̀ ti yọ.

Àgbà_Ọkọ̀ kọ:

Wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí oòrùn tó mú páànù, igi máa ń gbéra ní ọ̀sán. Kọ òsì àti ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.